Ìjà Ipò Alága ní Pápá Peckham Rye

Ọkọ mi fẹ́ràn ìtàn àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, àwọn tí wọ́n máa ń pe ara wọn níjà nítorí ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn. Bí ẹnì kan bá ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́, wọ́n á lọ kọjú ìbọn síra wọn ní kùtùkùtù. Àwọn tó ń ṣòfin fún orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń para wọn bí ọmọ ìta! Ọkọ mi á ní, “Mummy, àwọn yẹn mọ iyì orúkọ.”

Ìgbà tó yá, ó ní òun fẹ́ ṣe alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní London níbí. Níbi ìpàdé, ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò náà dìde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n ti jọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Lewisham rí. Ó ní àtọ̀húnrìnwá ni baba ọkọ mi, pé ìdílé wọn kì í ṣe ọmọ ìlú wa rárá. Ọkọ mi ní kó pàdé òun ní Peckham Rye láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí dókítà ti kìlọ̀ fún wa nípa ọkàn rẹ̀.

Ó ti sọ fún mi rí pé olúkúlùkù àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn máa ń mú ẹnì kan dání, àti pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹni náà ni kó wá bí ìjà ò ṣe ní wáyé. Mo bá tẹ̀ lé e. Ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà tẹ̀ lé tirẹ̀. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ nínú koríko tútù.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ọ̀rọ̀ yín jẹ,” mo ní. “Just say it, pé ọmọ ìlú ni wọ́n.”

“Kó kọ́kọ́ step down.”

Ìyàwó rẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. “Daddy, ara wọn ò yá now.”

“Mo ní kó step down!”

Ọkọ mi bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì nà gbalaja sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Mo rò pé ó dọ̀bálẹ̀ ni. Inú mi tiẹ̀ ti ń dùn pé ìjà ti parí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà rò bẹ́ẹ̀, ó nàró, ó ń dúró kó bẹ òun. Ìgbà tí a fi máa yí i padà, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀.

Wọ́n fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe alága. Nínú ẹgbẹ́ wa, alága ló máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́bàá sàárè ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú. Ó dúró níbẹ̀, ó ń sunkún, ó ní ojúlówó ọmọ ìlú wa ló lọ yìí. Gbogbo wọn ṣe àmín. Mo bu erùpẹ̀ kí n fi dí i lẹ́nu, ìyàwó rẹ̀ ló gbá mi lọ́wọ́ mú.