Obìnrin Tó Kúnlẹ̀ Nínú Fíìmù

Láti ọjọ́ Ajé ni Oyíndà ti ń fọ bàtà tí yóò wọ̀ lọ wo sinimá lọ́jọ́ Sátidé. Bàtà ọ̀hún kò dọ̀tí. Ó kàn ń fọ̀ ọ́ ni, ó ń sá a sójú fèrèsé, ó ń mú un wọlé, ó tún ń fọ̀ ọ́, títí tí Pamílẹ́rìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, fi sọ fún un pé kí ọjọ́ tó pé, bàtà náà á ti yòrò bí ọṣẹ. Bàbá wọn gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá ètè rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ọbáfẹ́mi Akínrẹ̀mí lorúkọ bàbá yìí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe ní Ìjẹmọ, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí títì, àwọn télọ̀ àdúgbò kò sì mọ ọ̀nà ibòmíràn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tó kọṣẹ́ wá bá a, kò ní kọ́kọ́ tú u. Yóò fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, yóò dẹ etí sí i, yóò di ojú, àfi bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Ó mọ ohùn ẹ̀rọ tí epo ti gbẹ nínú rẹ̀, ó mọ ti èyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ́. Ohùn kan péré ló wà láyé tí kò mọ bí òun ṣe lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ohùn Adébímpé ìyàwó rẹ̀ ni, ẹni tó ti sùn nínú Olúwa.

Ohun tí Oyíndà sì ń bèèrè gan-an nìyẹn. Ọmọ ọdún méje ni Oyíndà. Wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n nígbà tí àìsàn mú ìyá rẹ̀ lọ, kò tíì lè pe ju “mámà” àti “omi” lọ. Ó mọ ojú ìyá rẹ̀ dáadáa nínú fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ̀rọ̀. Fóònù tí wọ́n gba ohùn Adébímpé sí nígbà kan ti já sínú kànga, kò sì sí ẹni tó rí i yọ.

“Dádì, báwo ni ohùn Mọ́mì ṣe rí?”

“Ó dùn.”

“Ó dùn bíi ti ta ni?”

Ọbáfẹ́mi á wá ẹni tí yóò fi wé e, kò ní rí. Nígbà kan, kí ó ṣáà lè sinmi, ó ní ó jọ ti Àǹtí Olúwatósìn tó ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Oyíndà tẹjú mọ́ ẹnu Àǹtí Olúwatósìn látìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kì í ṣe ohùn yẹn, nítorí imú ni àǹtí náà fi ń kọrin. Òótọ́ ni, imú ló fi ń kọrin.

Ọ̀rọ̀ fíìmù wá dé báyìí. Nígbà tí Adébímpé ṣì wà láyé, tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bisikí níwájú ilé, àwọn eléré kan wá ya fíìmù ní Ìjẹmọ. Ilé àtijọ́ kan tí pèpéle alámọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ló wù wọ́n. Wọ́n fi àgbà òṣèré kan jókòó sórí pèpéle náà, wọ́n wá ní àwọn ń fẹ́ obìnrin tí yóò máa kọjá níwájú rẹ̀ bí ará àdúgbò. Adébímpé wà lára àwọn tí wọ́n mú. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Kíkọjá ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Kíkọjá yìí ló wá di wàhálà. Adébímpé pọn Oyíndà, ó ń bọ̀ lọ́nà bí wọ́n ṣe ní kó máa bọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá tó wà lórí pèpéle, ló bá fi ọwọ́ kan di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá.”

Olùdarí fíìmù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tawheed, ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí wọn. Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Ẹ kàn ń kọjá ni.”

“Mo ti gbọ́, ẹ má bínú.”

Ó padà sẹ́yìn, ó tún bọ̀, ó tún kúnlẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti mọ̀ báyìí. Ó tún kúnlẹ̀. Ó ní orúnkún òun ni kí wọ́n bá wí, kì í ṣe òun. Oòrùn ń lọ, àwọn obìnrin yòókù ti kọjá tiwọn láìwo ẹ̀gbẹ́, wọ́n ti gba omi tútù mu. Nígbà tó sú Tawheed, ó ní kò burú, tí àwọn bá délé, àwọn á yọ ti àǹtí yìí kúrò.

Adébímpé rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. “Bàbá Pamílẹ́rìn, wọ́n ní àwọn máa yọ mí dànù. Àbí kí n gba iwájú àgbàlagbà kọjá bí ewúrẹ́ ni? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde o.”

Fíìmù náà kò jáde lọ́dún yẹn, kò jáde lọ́dún kejì. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn tó ni ín kò ká a mọ́. Láàárín ìgbà yẹn ni Adébímpé kú, ọ̀rọ̀ fíìmù sì di ohun ìgbàgbé, àfi lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́ ọdún yìí tí Ọbáfẹ́mi ń wo fóònù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó rí ìpolówó fíìmù tuntun, èyí tí tọmọdé tàgbà lè wò. Pèpéle nìyẹn. Ilẹ̀kùn nìyẹn. Bàbá àgbà nìyẹn. Kò tilẹ̀ nu epo ọwọ́ rẹ̀ tó fi sáré wọlé.

“Oyíndà, Mọ́mì rẹ wà nínú fíìmù. A máa lọ wò ó ní sinimá. Wà á gbọ́ ohùn wọn.”

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí pé wọ́n ní àwọn máa yọ ọ́ dànù. Oyíndà ti gbé bàtà rẹ̀ lọ sídìí omi ẹ̀rọ nígbà náà, ta ni yóò wá lọ bá a níbẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀? Ọbáfẹ́mi kò lè ṣe é. Bó ṣe di Sátidé nìyẹn.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà láti Ìjẹmọ. Ọyẹ́ ti bo ìlú, àpáta Olúmọ kò fi gbogbo ara hàn, àwọn òrùlé tó ti dípẹtà sì nà lọ títí bí aṣọ tí wọ́n sá tí wọn ò rántí ká. Gbogbo ènìyàn tó ń lọ lọ́nà dà bí ẹni pé wọ́n ń rìn nínú èéfín, wọ́n ń yọ, wọ́n ń parẹ́. Oyíndà jókòó láàárín. Ọkàn Ọbáfẹ́mi ń gbàdúrà, ó sì ń tijú àdúrà náà, nítorí kò mọ̀ bóyá ènìyàn lè bẹ Ọlọ́run nítorí fíìmù.

Bàbá mègádì kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì ilé sinimá, ó bo aṣọ òtútù, ó ń gbọ́ rédíò. Oyíndà kọjá níwájú rẹ̀ fìrì.

“Oyíndà, o ò rí Bàbá ni?”

Ọmọ náà yíjú, ó fi orúnkún kan ṣoṣo tọ́ka sí ilẹ̀, ó ní “Ẹ káàsán sà,” ó ti dìde kí gbólóhùn náà tó parí. Bó ṣe máa ń kí ènìyàn nìyẹn. Ìyá Ọbáfẹ́mi ti wí títí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọbáfẹ́mi fúnra rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé epo ẹ̀rọ ló kù kí òun ta sí orúnkún ọmọ yìí. Lónìí kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bẹ Bàbá mègádì pé kó má bínú, wọ́n sì wọlé.

Inú ibẹ̀ tutù, ó ń rùn gúgúrú àti bọ́tà. Wọ́n jókòó, iná kú. Ìmọ́lẹ̀ ńlá kan wá là lójú ògiri, ó tàn sójú gbogbo ọmọdé tó wà níbẹ̀. Ìtàn bàbá àgbà kan ni, tó ń retí ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti ìlú òkèèrè, ewúrẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo sì sọnù. Ewúrẹ́ náà ń wọ ibi tí kò yẹ, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, Pamílẹ́rìn náà rẹ́rìn-ín. Ọbáfẹ́mi kò rí ewúrẹ́. Ìjẹmọ ló ń wò. Àdúgbò tirẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tóbi, ó ń dán, ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ kò ṣú. Ó rí ògiri tí òjò ti wó láti ọdún tó kọjá, ó dúró digbí. Ó rí Bàbá Dáramọ́lá, tó ni ilé ẹ̀gbẹ́ wọn, tí wọ́n ti sin, ó ń gbé àga jáde kó lè gba afẹ́fẹ́. Bí àlá ló rí lójú rẹ̀, irú àlá tí ènìyàn kì í fẹ́ kí wọ́n jí òun nínú rẹ̀.

“Ṣé àwọn nìyẹn?” ni Oyíndà ń bèèrè bí obìnrin kan bá ti yọ.

“Rárá.”

“Àwọn yẹn ńkọ́?”

“Rárá. Máa wò ó.”

Lẹ́yìn náà, bàbá àgbà jókòó sórí pèpéle. Obìnrin kan kọjá níwájú bàbá náà, kò kí i. Òmíràn kọjá, ó gbé abọ́ sórí, kò wo ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀kẹta kọjá. Ilẹ̀kùn ilé pa dé, ibi tí wọ́n ń fi hàn sì yí padà sí ojú ọ̀nà mọ́tò. Kò sí Adébímpé níbẹ̀.

Wọ́n ti yọ ọ́ dànù. Ọbáfẹ́mi wá ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ó kó àwọn kan jọ, ó fẹ́ sọ ọ́ sí Oyíndà létí. Ọwọ́ kan bọ́ lé apá rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọwọ́ Pamílẹ́rìn ni. Ṣé ọmọ náà ti mọ̀ tipẹ́ ni? Ó rọra sọ pé, “Dádì, ẹ má tíì sọ fún un. Ẹ jẹ́ ká wò ó tán.” Ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọbáfẹ́mi di ọwọ́ náà mú.

Fíìmù ń lọ sópin. Bàbá àgbà tún padà sórí pèpéle. Ewúrẹ́ kò dé, ọmọ-ọmọ kò dé, gbogbo ayé ló ti gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọdé inú sinimá ti dákẹ́. Ìrọ̀lẹ́ pọ́n lára ògiri. Obìnrin kan wá ń bọ̀ láti òkèèrè, ó pọn ọmọ, ó ń rìn bí ẹni tí kò kánjú. Ó dé iwájú bàbá náà, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ṣé ẹ ò ní wọlé?”

Bàbá àgbà wò ó. Ó ti gbàgbé pé fíìmù ni, ó hàn lójú rẹ̀. “Ọmọ ẹ̀yìn rẹ á yè o,” ni ó wí. Obìnrin náà ní “Àmín o, Bàbá,” ó dìde, ó lọ.

Ohùn náà há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ọbáfẹ́mi ti gbàgbé pé ó há. Láti ọjọ́ yìí wá ló ti ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó dùn, òun fúnra rẹ̀ kò sì rántí bí ó ti rí. Omijé bọ́, kò nù ún.

Oyíndà kò béèrè bóyá àwọn nìyẹn. Ohun tó béèrè ni pé, “Ta ni wọ́n pọ̀n?”

“Ìwọ ni.”

Ewúrẹ́ dé, ọmọ-ọmọ dé, àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́, iná tàn. Oyíndà ṣì ń wo ògiri funfun náà. Pamílẹ́rìn ló fà á lọ́wọ́ dìde.

Ìta ti ń ṣú nígbà tí wọ́n jáde, ọyẹ́ sì ti wọ aṣọ Bàbá mègádì, ó ká gúlútú lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ inú fíìmù, wọ́n ń wá kẹ̀kẹ́. Ọbáfẹ́mi náà ń wá kẹ̀kẹ́. Nígbà tó wẹ̀yìn, Oyíndà ti fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ náà dúró níwájú Bàbá mègádì. Ó mú ọwọ́ kan lọ sẹ́yìn, ó fi di ibi tí kò sí nǹkan kan mú, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ bọ́. Ó wá rọra fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lórí kọnkéré, pẹ̀lú bàtà tó ti ń fọ̀ láti ọjọ́ Ajé.

“Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ilẹ̀ ti ń ṣú.”

Bàbá mègádì pa rédíò. Ó wò ó títí. “Wà á dàgbà, ọmọ mi. Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn báyìí?”

“Ìyá mi ni,” ni Oyíndà wí.