Ìyá Tó Fẹ́ Kọ̀wé Sẹ́yìn Àwòrán

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó tètè pè mí, ká lè ráyè sọ̀rọ̀. Ọ̀sán gangan ni, ojú mi sì là kedere.

Ilé gbàǹjo kan ní Peckham, ní London níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Àwòrán ni mo máa ń yẹ̀ wò: ṣé ojúlówó ni àbí ayédèrú, ta ló ṣe é, báwo ló ṣe dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Àwòrán ọjọ́ náà ti kó bá Bọ̀ọ̀dá Wàsíù. Mọ́sáláṣí kan náà la jọ ń lọ, àmọ́ mi ò sọ fún ọ̀gá mi pé mo mọ̀ wọ́n. Ìyá òyìnbó kan ni wọ́n ń tọ́jú nílé, "Mummy" ni wọ́n máa ń pè é. Ìyá yìí máa ń gbẹ́ igi, á fi yíǹkì kùn ún, á wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, àwọn àwòrán tó dà bí àlá. Ó fún wọn ní ọ̀kan kó tó kú: obìnrin kan lórí ibùsùn, gbòǹgbò igi ń hù jáde lórí rẹ̀, ó gba ojú fèrèsé lọ. Ó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀.

Àwọn ọmọ ìyá náà ní Bọ̀ọ̀dá Wàsíù jí i ni. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa: bí a bá rí ohunkóhun lára rẹ̀ tó fi hàn pé ẹ̀bùn ni, àwọn á jẹ́ kọ́rọ̀ tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ bọ́, físà bọ́, Bọ̀ọ̀dá Wàsíù àtìyàwó àtọmọ mẹ́ta á kẹ́rù padà sílé.

"Ẹ ò ṣe ní kí ìyá yẹn kọ ọ́ sílẹ̀?" Mo ti bi wọ́n bẹ́ẹ̀.

"Háà! Àgbàlagbà fún mi lẹ́bùn, kí n wá ní kó tọwọ́ bọ̀wé? Mo dọ̀bálẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á."

Ẹ má purọ́, ẹ̀yin náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Nídìí iṣẹ́ wa, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya fọ́tò iwájú àtẹ̀yìn. Mo yà á, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Mo wá ń fi iná wò ó, bóyá ìkọ̀wé tó ti pa rẹ́ wà níbẹ̀.

Mo gbójú sókè, ẹnì kan ti jókòó sí àga kejì. Ilẹ̀kùn ò dún o, ẹ gbà mí gbọ́.

Ìyá arúgbó òyìnbó ni, yíǹkì dúdú wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. "Ẹ káàsán o," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ohùn ará Ìbàdàn bíi ti Bọ̀ọ̀dá Wàsíù gẹ́lẹ́.

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, Mà." Kò tíì yé mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, pẹ́ńsù."

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún un. Ó yí pépà náà padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú obìnrin orí ibùsùn inú àwòrán náà ni: Mummy fúnra rẹ̀.

Yéè! Mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Rye Lane ni mo ti bá ara mi, mò ń ké sí Ọlọ́run láàárín ọjà.

Nígbà témi àti ọ̀gá mi padà wọlé, àga ṣófo. Pẹ́ńsù wà nílẹ̀. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ Wàsíù ló wà lẹ́yìn àwòrán, kò kọjá ibẹ̀.

Ọ̀gá mi wo fọ́tò tí mo ti fi ránṣẹ́ sí i, ó wo pépà, ó wo pẹ́ńsù mi. Ó rọra bi mí pé, "Ṣé o mọ ọkùnrin yìí?"

Mo ní mọ́sáláṣí kan náà la jọ ń lọ. Wọ́n ní èmi àti Bọ̀ọ̀dá Wàsíù la jọ gbìmọ̀ pọ̀. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Tèmi ò tó nǹkan.

Lọ́jọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ń kó ẹbí wọn lọ, wọ́n pè mí láti pápákọ̀ òfuurufú. Mo ti ròyìn ohun tí mo rí fún wọn, mò ń retí èébú. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Mummy ńkọ́? Ṣé ara wọn ti yá nígbà tó o rí wọn?" Mo sunkún títí fóònù fi kú.

Ẹ gbọ́ o. Bí òkú bá wá ṣe ẹnì kan lóore níṣojú yín, ẹ̀rù á bà yín, dandan ni. Ẹ di àga yín mú. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ tán.