Ìkòkò tí Ìyá Ọkọ Mi Rà fún Wa

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá ọkọ mi gbé ìkòkò alumíníọ̀mù kan wá fún wa ní Ìpọ̀nrí. Kì í ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ti inú ṣọ́ọ̀bù. Irú èyí tí wọ́n ń yọ́ irin àlòkù rọ ní Muṣin ni, ó wúwo, ìdí rẹ̀ nípọn. Màmá ní ọbẹ̀ kì í jóná nínú rẹ̀. Òótọ́ sì ni.

Ọbẹ̀ ata ló mú mi fura. Mo sè é lálẹ́, tòmátì pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì wà nínú ìkòkò mọ́jú. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò láàárọ̀, ó dà bíi pé kọ́kọ́rọ́ ni mo fi ahọ́n lá. Mo dà á nù. Inú ìkòkò ti dúdú, ó ti dá ihò wẹ́wẹ́ bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Ohun tó ṣí kúrò níbẹ̀, ikùn ta ló gbà lọ? Ọmọ mi ti ń jẹ ọbẹ̀ nígbà náà.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. “Irú ìkòkò yẹn ni wọ́n fi se oúnjẹ fún mi dàgbà. Ṣé mo kú ni?”

Mo lọ bá Màmá. Ojú wọn le. “Ṣé o ń sọ pé mo fún ọmọ ọmọ mi ní májèlé ni?”

“Rárá o, Màmá. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni mo fẹ́ rí.”

“Ó dáa. Bọ́ sọ́nà.”

A wọ kẹ̀kẹ́ dé ẹ̀yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Muṣin. Òkìtì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná: ẹ́ńjìnnì mọ́tò tí ọ́ìlì ṣì ń kán lára rẹ̀, agolo mínírà, àti àwọn nǹkan ọlọ́dà tí n kò mọ̀ rárá. Èéfín ibẹ̀ ń ta mí lọ́fun. Mo kọjú sí ọkùnrin tó wà nídìí iná náà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń yọ́ níbẹ̀?”

“Irin ni.”

“Irin wo?”

Ọkùnrin náà kò wò mí. Màmá ló kọjú sí. “Àlàájà, ìyàwó yín mọ ìbéèrè o.”

Màmá nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì. “Èyí náà lẹ ń kó sínú ẹ̀?”

“Iná ń fọ gbogbo ẹ̀ mọ́, Àlàájà.”

Màmá ní ká máa lọ. Inú kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti ní, “Má se ata nínú ẹ̀ mọ́. Ẹ máa fi se omi ìwẹ̀.”

Mo rò pé wọ́n á pa irú rẹ̀ tó wà nílé tiwọn náà tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ kí wọn lọ́jọ́ Àìkú, òun ló wà lórí iná, ọbẹ̀ ata ń hó nínú rẹ̀.

“Màmá, tiyín ńkọ́?”

“Èmi ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ ṣe, ó ti ṣe é.”

Wọ́n bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ fún èmi àti ọkọ mi. Bí mo ṣe fẹ́ fi síbí bu díẹ̀ sẹ́nu ọmọ, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n wọ kíṣínì lọ, wọ́n gbé ìkòkò tánńganran kékeré kan jáde. Ẹyin àti iṣu ló wà nínú rẹ̀.

“Tiẹ̀ nìyí.”

“Àwa ńkọ́, Màmá?”

“Ẹ̀yin ti dàgbà,” ni wọ́n wí. “Ẹ jẹun.”