Nígbà Tí Èmi àti Ẹsẹ̀ Mi Yan Odì

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tí mo fi inú ara mi bí pàápàá kò gbà: aṣọ kan wà ní ọjà Lomé nígbà ayé Faransé tí wọ́n fi ẹsẹ̀ mi sọ lórúkọ. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ìyàwó gómìnà, kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ ọba. Ẹsẹ̀ tèmi yìí ni, tí mo nà sórí àpótí bí mo ti ń kọ̀wé. Bí ẹ bá rí ìyá arúgbó kan ní Bè tàbí ní Gbossimé tó ṣì ní aṣọ náà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀, ẹ bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín o.

Mo rántí ìgbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Tàńtí. Àwọn bàbá wa ti Nàìjíríà gbé ọjà wá, wọ́n tà á títí wọ́n fi gbàgbé láti padà. Àwọn onílẹ̀ ń pè wá ní Anago, àwa náà sì ń dáhùn. Ilé wa kò jìnnà sí òkun. Láti àgbàlá ni a ti ń gbọ́ ariwo afárá irin tó wọ inú omi lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbé ẹrù àti èèyàn sókè láti inú ọkọ̀ kékeré. Mo ga, mo tín-ín-rín, ẹsẹ̀ mi sì gùn ju ohun tí ẹnikẹ́ni béèrè lọ. Bí mo bá ń lọ síbì kan, orúnkún mi á ti débẹ̀ kí èmi tó dé. Ìyá onígàrí kan wà lẹ́yìn ọgbà wa, ará Sakété, tí èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Òun ló sọ mí ní Lékeléke, ẹyẹ funfun tó ń tẹ̀ lé màlúù káàkiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Láràárọ̀, bí mo bá ti gbé àpò ìwé kọ́rùn, á ké láti ìdí iná rẹ̀ pé, "Lékeléke, màlúù rẹ dà?" Gbogbo àdúgbò á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà rí i pé ó dùn mí.

Níléèwé ńkọ́? Àwọn obìnrin òyìnbó aláṣọ funfun ti ìjọ Àgùdà tó ń kọ́ wa, tí à ń pè ní Mà Sẹ̀ẹ̀, kò ní kí n sanra o. Tiwọn ni pé kí n má tilẹ̀ ní ara rárá. Wọ́n kọ́ wa pé ọmọ tó bá ní ìtìjú kì í wo ara rẹ̀ bó bá ń wẹ̀: àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni ká wọ̀ wẹ̀, ká máa ti ọṣẹ bọ abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò ẹlòmíràn. Nílé wọ́n ní ara mi kò tó. Níléèwé wọ́n ní ó ti pọ̀ jù. Kí ni kí ọmọ ṣe? Mo bá ẹsẹ̀ mi yan odì. Ẹ mọ bó ti ń rí bí ẹni méjì bá yan odì nínú ilé kan, tí wọn kì í wo ojú ara wọn, tí ọ̀kan á gba ẹ̀yìnkùlé jáde nítorí èkejì. Bí èmi àti ẹsẹ̀ mi ti ń gbé nìyẹn. Nínú oòrùn Lomé, ìbọ̀sẹ̀ gígùn ni mò ń wọ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń lọ sétí òkun, màá ní inú ń run mí. Bí mo bá jókòó, mo jókòó lé wọn. Bí wọ́n bá kú tipiri, mo dìde. Bí mo dìde, mo rò pé gbogbo ayé ń wò wọ́n, mo tún jókòó. N kò ní ìsinmi. Tàńtí ní bóyá èèrà ló wà nínú ìró mi. Kò mọ̀ pé ohun tó ju èèrà lọ ń bọ̀ wá wọ̀ ọ́.

Àǹkárá ni Tàńtí ń tà. Nígbà náà, bí aṣọ tuntun bá ti orí afárá irin sọ̀ kalẹ̀, a kì í polówó rẹ̀. Ọmọge kan tí ara rẹ̀ kún dáadáa la ó fi aṣọ náà wọ̀, kó rìn ín yí ọjà ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ja títí dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin á wò, wọ́n á fọwọ́ kàn án, ẹnìkan á sọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà á sì di orúkọ aṣọ. Aṣọ tí kò bá rí orúkọ gbà lọ́jọ́ náà, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́ nísọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ń bá Tàńtí rin ìrìn yìí tẹ́lẹ̀, ọmọge tí ìdí rẹ̀ máa ń dá sí ọ̀rọ̀ bó bá ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ó ti lọ sílé ọkọ ní Anẹ̀họ́. Aṣọ tuntun sì dé: aró dúdú, pẹ̀lú ìlà funfun tín-ín-rín tó ń sáré lórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ láyé kò pọ̀. Mo fẹ́ kí Tàńtí wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, kó rí ẹni tí aṣọ lè dúró lára rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí èmi rìn ín.

"Ìwọ kẹ̀?" Tàńtí rẹ́rìn-ín, kò sì ní ìkà nínú. "Aṣọ á rò pé orí okùn ni mo sá òun sí. Jẹ́ n lọ tọrọ ọmọ ẹlẹ́ja."

"Ẹ jọ̀ọ́, Tàńtí. Ẹ jẹ́ n dán an wò lọ́la. Bí kò bá dára lára mi, kí ẹ bọ́ ọ."

"Ó dáa. Oorun kan kì í sọ ọ̀pá di odó, ṣùgbọ́n ó dáa."

Tìmùtìmù àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná tí wọ́n ti jù síta. N kò bi ara mi léèrè ìdí tí wọ́n fi jù ú síta. Ẹni tí ẹwà ń pa bí òùngbẹ kì í bi òwú léèrè ìtàn. Mo ya á, mo kó òwú inú rẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, mo fi ṣe ẹran ẹsẹ̀. Mo di ìyókù mọ́ ìdí pẹ̀lú okùn. Nígbà tí mo wé aṣọ tuntun náà tán láàárọ̀, Tàńtí yí mi po, ó tún yí mi po.

"Hẹn! Ṣé ẹ̀bà alẹ́ àná nìkan nìyí?"

"Ọlọ́run ló ṣe é, Tàńtí."

"Ọlọ́run yìí mà yára o. Ó dáa, lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rìn. Àwọn ìyá ẹ̀yà Mina ń ké "Woezo, woezo!" bí ẹni pé àjò ni mo ti dé. Akọ̀wé kan bọ́ fìlà, ó ní, "Bọ́ńjùú, mamùsẹ́ẹ̀lì." Ayọ̀ náà bá mi dé ìdí àwọn aláta. Ibẹ̀ ni nǹkan àkọ́kọ́ ti bù mí jẹ níbi tí ọmọlúàbí kò lè họ láàárín ọjà. Ìdun ni! Ìdun inú tìmùtìmù, tí ebi ti ń pa látìgbà tí wọ́n ti jù ú síta, rí àsè ọ̀fẹ́. Mo fò díẹ̀. Mo yí ìdí. Mo fi ẹsẹ̀ kan họ èkejì, mo tún fò. Àwọn kan rò pé ìrìn tuntun láti Paris ni; mo rí ọmọge méjì tó ti ń kọ́ ọ lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo dé iwájú Ìyá onígàrí tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, okùn já. Òwú ìdí sọ̀ kalẹ̀. Ẹran ẹsẹ̀ òsì mi kúrò lẹ́yìn, ó yí wá síwájú. Bí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ìró tú, ó ku èmi àti tòbí nìkan, pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi méjèèjì tí òwú ń já bọ́ lára wọn bí ìyẹ́.

"Ẹ wò ó!" Ìyá onígàrí pàtẹ́wọ́. "Mo ti wí! Ẹsẹ̀ lékeléke rè é o!"

Ọjà wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Obìnrin oníbàárà kan mú aṣọ tó wà nílẹ̀, ó gbé ìlà funfun tín-ín-rín náà sókè sí oòrùn. "Ẹsẹ̀ Lékeléke," ó wí, "àbí ẹ ò rí i pé ó jọ ọ́? Ta ló ni ín? Kó gé e fún mi." Ó parí. Orúkọ ti dé. Èmi ti sáré.

Etí òkun ni mo sá sí, ibi tí n kì í dé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbẹ́ iyanrìn, mo ti ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́ dé itan, mo bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Nígbà tó yá, mo gbọ́ mímí ẹni tó sanra tó ń rìn nínú iyanrìn. Tàńtí ni. Ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ nígbà tí aṣọ ń tà, èyí tí n kò rí kó ṣe rí, kódà nígbà ìsìnkú. Ó jókòó tì mí, ó wo ibi tí mo gbẹ́.

"O ti sin wọ́n tán?"

"Mo ti sin wọ́n, Tàńtí."

"Ó dára. Ta ni yóò wá gbé ọ pọ̀n délé?"

Mo tún bu iyanrìn lé wọn. Ó ní, "Kí ni wọ́n ṣe fún ọ gan-an? Ṣé wọ́n jí ẹran rẹ jẹ ni? Ìgè ni ọ́. Èmi ni mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a bí ọ. Ẹsẹ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ rí, wọ́n ti dé ayé, wọ́n ti ń ta ìpá, kí orí rẹ tó pinnu pé òun náà ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n. Ọmọ wo ló ń jí láràárọ̀ tí kì í kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

"Ìbejì ńkọ́?" mo wí láàárín ẹkún. "Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni àbúrò."

"Má fi ìwé Faransé dá mi lóhùn!"

"Ìbejì kì í ṣe ìwé Faransé, Tàńtí."

"Pa ẹnu rẹ dé!" A jọ bú sẹ́rìn-ín, inú sì bí mi pé mo rẹ́rìn-ín. "Ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì ń parí rẹ̀. Kí wọn."

"N kò ní kí wọn."

Ó wo òkun. Ó wá gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ikùn ńlá tí gbogbo ọjà ń pè ní ikùn ọlọ́lá. "Èmi náà ní ẹni tí mo bá yan odì," ó wí. "Àwọn ọmọ tó wá síhìn-ín tí wọn kò dúró. O kò lè rántí wọn. Látìgbà náà, bí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń fo ikùn yìí kọjá. Màá fọ àyà, màá fọ itan. Mà Sẹ̀ẹ̀ kọ́ ló kọ́ mi."

"Ẹ kí i, nígbà náà," ni mo wí, nítorí ọmọdé ni mí.

"Ìyẹn ṣòro díẹ̀," ni Tàńtí wí. Lẹ́yìn náà ó họ ọrùn, ó tún họ apá. "Dìde jàre. Ìdun rẹ ti ń kó lọ sílé mi."

Ọjọ́ ti lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ tí mo fi òwú kún nígbà náà ti fúnra rẹ̀ kún, láìsí ìdun, dókítà sì ní kí n dín in kù. Ayé kì í rí ara obìnrin kó má ní nǹkan láti sọ. Àwọn ọmọ mi obìnrin náà ti ní dígí tiwọn tí wọ́n ń bá jà, mo sì ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń dákẹ́ bí mo bá rí i pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín dénú. N kò mọ̀ títí Tàńtí fi kú bóyá ó kí ikùn rẹ̀ rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo gbé àkọ́bí mi wá fi hàn án, kò gbé e sí àyà, kò gbé e sí itan. Orí ikùn ló gbé e lé, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú síbẹ̀ títí ọmọ náà fi sùn.

Ṣùgbọ́n ó ku àárọ̀ ọjọ́ kejì òkìkí mi tí n kò tíì sọ. Mo jí, gbogbo ara mi wú. Tàńtí ti lọ sọ́jà, nítorí àwọn obìnrin ti ń kan ilẹ̀kùn láti ìdájí pé Ẹsẹ̀ Lékeléke làwọn ń wá. Mo gbé omi lọ sí balùwẹ̀ onímọ̀ọ̀pẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ìdí iná Ìyá onígàrí. Mo wo òkè, mo wo ẹ̀gbẹ́, mo bọ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Mo wá wo ìsàlẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀, gígùn, pẹ̀lú ojú ìdun láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Àánú wọn ṣe mí, bí ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n nà nítorí òun.

"Ẹ kú iṣẹ́," mo wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ilẹ̀ kò là. Mo tún wí díẹ̀ sókè: "Ẹ kú ìrìn àná. Ẹ kú ìyà. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ta ló ń kí mi yẹn?"

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ẹ̀yìn mọ̀ọ̀pẹ, n kò gbọ́ ìró igbá tó ń ro gàrí mọ́.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń kí."

"Ta wá ni? Èmi nìkan ló wà níhìn-ín."

"Ẹsẹ̀ mi ni."

Mo di ojú, mo ń dúró de ẹ̀rín tí gbogbo àdúgbò yóò gbọ́. Kò dé. Mo gbọ́ tí àpótí rẹ̀ dún, tí orúnkún rẹ̀ náà dún bó ti ń gbìyànjú láti nà wọ́n.

"Lékeléke."

"Ìyá?"

"Bá mi kí tèmi náà. Wọ́n ti pẹ́ nídìí iná yìí."

Mo kí wọn.