Wàhábì Olùtọ́wò Gàrí

Ọjọ́ tí Wàhábì Ògúntọ́lá tu gàrí ìyàwó rẹ̀ dànù lójú oníbàárà ni òkìkí rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Helen, tó ń kó gàrí lọ sí Èkó, ló ní kó bá òun tọ́ ọ wò. Wàhábì bu ẹnu kan, ó dijú, ó tu ú.

"Ọjọ́ kan péré ni ẹ̀gẹ́ yìí lò nínú àpò. Kò kan rárá."

"Bàbá Rahmah," ni Mọ́ṣádé ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣé ẹ mọ ẹni tó yan án?"

"Ẹni tó ń kánjú ni."

Helen bá tirẹ̀ lọ. Inú bí Mọ́ṣádé, kò dáná fún ọkọ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ta ló wá fìyà jẹ? Gàrí ni Wàhábì ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ó sì ń ṣe alihamudulilahi.

Awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀ o. Ibi yòówù tó bá ti páàkì, gàrí ni yóò rẹ, yóò sì máa ròyìn rẹ̀: "Ti Ayépé nìyí. Iná ẹni tó yan án ti pọ̀ jù." Nígbà tó fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, ó sọ ohun tó fẹ́ràn diṣẹ́, ó kọ ọ́ sára pátákó síwájú ilé: OLÙTỌ́WÒ GÀRÍ. Àwọn ará àdúgbò fi í rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn alágbàtà fi ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, nítorí ahọ́n Wàhábì kì í mọ ojú ẹbí.

Oṣù ààwẹ̀ nìkan ló dojú iṣẹ́ rú. Kò lè fi nǹkan kan ẹnu, kò sì fẹ́ lé oníbàárà. Ó ní kí Bọ́dúnrìn alágbàtà da gàrí sómi, ó wá dẹtí sí i.

"Kí ló sọ, Àlàájì?"

"Ó ní kí n ní sùúrù di ìrọ̀lẹ́."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tu gàrí Mọ́ṣádé, kò kánjú mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá lẹ́nu ọkọ rẹ̀: "Ó dára." Ọdún mẹ́sàn-án, kò gbọ́ ọ. Tó bá bi í, yóò ní, "Ìyá Rahmah, tí mo bá yìn ọ́, ta ló tún máa gbà mí gbọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn dun Mọ́ṣádé wọnú egungun.

Lọ́dún tó kọjá ni Wàhábì kú. Lẹ́yìn fìdáù ogójì ọjọ́, Helen gbé ọkọ̀ ẹlẹ́rù dé. Mọ́ṣádé sáré lọ bu omi wá, kí Helen lè tọ́ gàrí wò.

"Màmá, ẹ má ṣèyọnu," ni Helen wí. "Àlàájì ti sọ fún gbogbo wa pé tí àwọn ò bá sí mọ́, ká máa ra tiyín láì tọ́ ọ wò."

Mọ́ṣádé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọkùnrin yìí! Gbogbo ayé ló sọ fún, àfi èmi!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí àárò ọkọ rẹ̀ kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn ló pọ̀ jù.