Ìlú Tí Mo Kọ Fún Un

Àwọn ará Kumasi kì í yà wá sọ́tọ̀: bí o bá ti ti Nàìjíríà wá, Aláta ni ọ́. Èmi tí ó yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo ṣe àṣìṣe tí mò ń kọ sílẹ̀ yìí.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọbìnrin náà nígbà tí ìyá rẹ̀, opó tí ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Asafo, mú un wá sí kíláàsì mi ní àdúgbò Dichemso. Ọmọ Ògóni ni wọ́n. Epo rọ̀bì ti ba odò wọn jẹ́ nílé. Nínú rẹ́jísítà, àyè kan wà fún ìlú baba ọmọ. Ìyá náà ti padà sọ́jà kí n tó kan àyè náà, n kò sì fẹ́ràn àyè òfìfo. Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà yòókù nínú kíláàsì ti wá, bíi tèmi. Mo kọ Ògbómọ̀ṣọ́ fún òun náà. Mo rò pé mo fi gbà á mọ́ra ni.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dà á kọ sínú gbogbo ìwé rẹ̀, títí ó fi parí girama. Ìyá rẹ̀ kú kó tó kọ́ ọ ní èdè wọn. Yorùbá àti Twi ló gbọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ó gbé fọ́ọ̀mù kan wá bá mi: sikọ́láṣíìpù yunifásítì fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin Ògóni. Ó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tún omi tí epo bà jẹ́ ṣe.

"Mádáàmù, ọ̀nà kan tí mo ní nìyí."

Èsì dé: ìwé rẹ̀ fi hàn pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni; kí ó mú ẹ̀rí wá kí oṣù tó parí.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé wa, ẹni tí mo kọ́ nígbà èwe rẹ̀, pé kí ó bá mi ṣàtúnṣe ohun tó wà nínú rẹ́jísítà.

"Mádáàmù, ẹ̀yin tí ẹ nà mí torí mo da yíǹkì sí rẹ́jísítà! Ẹ wá ní kí n pa á rẹ́?"

"N kò ní kí o pa á rẹ́. Kọ lẹ́tà pé èmi ni mo ṣì í kọ."

Ó kọ ọ́. Èmi náà kọ tèmi. Àwọn tó ń fúnni ní sikọ́láṣíìpù náà dáhùn pé lẹ́tà olùkọ́ kò tó, àfi ti àwọn àgbà abúlé rẹ̀. Abúlé wo? Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Oṣù parí.

Ìgbà náà ni mo tó jẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Ó dáa. Ẹ wá ọkọ fún mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà." Kò rẹ́rìn-ín. "Ó dùn mí paa, Mádáàmù."

Àdúgbò Anloga ní Kumasi níbí ló wà báyìí, ó ń fi sáńpépà ha àga fún àwọn káfíńtà. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó lọ. Lẹ́búlẹ́bú igi bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo ní kó fi aṣọ bo imú.

"Ẹ ṣé, Mádáàmù," ó ní, kò sì gbójú sókè.