Ewúro Tó Wà Níta Ọgbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, bí mo bá sì wà láàárín èèyàn, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní ọjà Aswani, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń gbọ́ ohùn mi jù lọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọ́, ẹ bá mi fà á gún. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìṣojú mi ló ṣe, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Gbì, gbì, gbì. Oòrùn kò tíì yọ. Ìyá àgbà kan lóṣòó sẹ́yìn ilé wa, wọ́n ń fi ọmọ odó tó ti kán lu ìkarahun ìgbín wọlẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, yí ebè tètè ká. Èmi ni mo gbé abọ́ ìkarahun náà dání. Ó ṣì ń rùn díẹ̀. Àná ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ìgbín lọ́jà, a sì ti fi eérú àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí awọ ọwọ́ mi fi hunjọ. Bàálù kan fò kọjá lókè orí wa, ó ń lọ balẹ̀ lápá Àjàó, ariwo rẹ̀ sì bo gbogbo nǹkan. Ìyá dáwọ́ dúró, wọ́n gbé ọmọ odó sókè, wọ́n ń wo bàálù bí ẹni tí àlejò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu. Nígbà tó kọjá tán, wọ́n ní, "Ó ti parí tiẹ̀. Gbé òmíràn wá, Àjọkẹ́."

Mi ò mọ orúkọ wọn dòní. Gbogbo ilé ń pè wọ́n ní Ìyá, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń pè wọ́n. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti ta aṣọ ní Aswani títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ wọ́n lọ́jà. Ilé tí à ń gbé ní Ìsọlọ̀ nígbà náà, yàrá kọjú sí yàrá ni, ìdílé kan nínú yàrá kan. Yàrá Ìyá ló kángun sẹ́yìn. Fèrèsé wọn kọjú sí ilẹ̀ tín-ín-rín kan tó wà láàárín ògiri ilé àti gọ́tà. Kí wọ́n tó dé, ibẹ̀ ni gbogbo ilé ń da pàǹtírí sí. Ìyá ló kó pàǹtírí kúrò, tí wọ́n sọ ibẹ̀ di ọgbà.

Bàbá Ríṣí, awakọ̀ lọ́rì tó ń gbé yàrá iwájú, máa ń wá dúró síbẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu.

"Ìyá, ẹ ti sọ ẹ̀yìn ilé yìí di ilé gómìnà. Ó ku sójà tó máa dúró sẹ́nu ọ̀nà."

"Ìwọ wá dúró níbẹ̀," Ìyá á dáhùn. "Ikùn ẹ nìkan ti tó géètì."

Á rẹ́rìn-ín títí itọ́ pákò á fi ṣàn sí àyà rẹ̀. Òun náà ló fún wọn ní àwọn táyà ògbólógbòó. Ìyá kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun tí àwọn akunlé fi sílẹ̀, wọ́n tò wọ́n sí etí gọ́tà, wọ́n rọ iyẹ̀pẹ̀ kún inú wọn, wọ́n sì gbin ata rodo sí i. Bí òjò bá rọ̀, tí omi gọ́tà bá kún, táyà wọ̀nyẹn ló ń dá a dúró tí kò fi gbé ilẹ̀ ọgbà lọ. Láàárín táyà kan sí èkejì, wọ́n gbin ewé tíì, torí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń di ilẹ̀ mú. Bí aṣọ mi bá fara kàn án, òórùn dídùn yẹn á bá mi wọ yàrá.

Ohun tí ẹlòmíràn sọ nù ni Ìyá fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́, òun náà ni wọ́n fi ń dáàbò bo ọgbà. Pákó tí wọ́n fi yí i ká, ara àpótí tí àwọn kọ́ńpìnnì ń jù síta ni. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ya ni wọ́n ta bo àwọn irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, kí adìẹ má baà hú wọn. Wọ́n fa téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ láti igun kan dé igun kejì. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, á máa dán, á máa dún fùùù, ẹyẹ ò sì ní bà síbẹ̀. Àárọ̀ kùtù tí ìrì ṣì wà lára ewé ni à ń fọ́n eérú sí i, kó lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ebè ni Ìyá ti ń ṣe àlùwàlá, kí omi tó ń kán lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ wọn má ṣòfò.

Lẹ́nu ọ̀nà gan-an, wọ́n gbin òdòdó kan tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló máa ń tanná. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò gbin èyí tó ń tanná láàárọ̀.

"Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀," ni wọ́n wí. "Kí wọ́n rí nǹkan tó ń dúró dè wọ́n. Tí ọgbà bá rẹwà, ojú gbogbo èèyàn ló máa ń bá ẹ ṣọ́ ọ."

Ṣùgbọ́n ojú gbogbo èèyàn ò ṣọ́ ọ tó. A jí lọ́jọ́ kan, a bá ọgbà bí ibi tí wọ́n ti ja ìjàkadì. Ẹnì kan ti ya ẹ̀ka ewúro láti ìdí, ó ti hú tòmátì tí kò tíì pọ́n tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ìyá ò pariwo. Wọ́n tún pákó tò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n mú ìkarahun ìgbín kan tó fọ́, àkísà pupa kan àti ṣùkù àgbàdo, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n sì fi kọ́ ara pákó níbi tí gbogbo ilé á ti rí i. Àálè ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rí i tí kò ní mọ ohun tó ń wí: nǹkan yìí ní ẹni tó ni ín, má fọwọ́ kàn án.

"Háà! Ìyá ti gbé iṣẹ́ dé!" Bàbá Ríṣí yọ pákò lẹ́nu. Ó wá yíjú sí mi, ó la ojú rẹ̀ rogodo. "Ìwọ ọmọ yìí, o rí nǹkan yẹn? Ẹni tó bá já ewé níbẹ̀ báyìí, èébì ni. Á bì títí, ikùn ẹ̀ á wú bíi táyà mi. O gbọ́?"

Mo gbọ́. Ó ń ṣeré, ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀.

Màmá mi ti lọ síbi iṣẹ́ kí a tó so àálè náà. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀kan nínú àwọn kọ́ńpìnnì tó wà ní Ìsọlọ̀, àwa méjèèjì nìkan la sì ń gbé yàrá wa, torí Ìkirè ni bàbá mi wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀nà etí gọ́tà ni Màmá gbà wọlé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, àálè sì kọjú sínú ilé, wọn ò lè rí i láti ìta. Orí ẹní ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn ògiri: "Ìyá, mo já ewúro díẹ̀ o."

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Ìkirè nìyẹn. Bí o bá fẹ́ já ewé lára igi aládùúgbò, o ò ní fi pamọ́. Wàá pe onílé, wàá sọ ọ́ jáde, ó parí. Màmá wọlé, wọ́n kó ewúro lé mi lọ́wọ́. Ojú wọn pọ́n.

"Bá mi fọ̀ ọ́, kí o fún omi ẹ̀. Ara mi ń gbóná láti àná, mo fẹ́ mu ún."

Mo wo ewé náà bí ẹni tí wọ́n gbé ejò fún. Mo fọ̀ ọ́. Màmá mu ún, wọ́n sì sùn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ ìbora méjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Mo gbé báfù sábẹ́ ẹnu wọn. Mo ń wo ikùn wọn bóyá ó ti ń wú. Bí mo bá sọ ọ́ nínú ilé tí etí pọ̀ tó yẹn, mo ti pe ìyá mi ní olè. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, lójú tèmi, ìyá mi máa kú.

Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá, mo di kọ́tìnì mú. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo.

"Wọlé. Àbí wọ́n kan ẹsẹ̀ ẹ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ni?"

Mi ò lè wọlé. Mo na ọwọ́ sí ọgbà, ẹkún sì gbà mí. "Màmá mi ń bì. Wọn ò rí i. Ẹ bá mi bẹ àálè yẹn, wọn ò rí i."

Ìyá wo ibi tí mo nawọ́ sí. Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ láàárọ̀," ni wọ́n wí. "Orí ìrun ni mo wà, mi ò lè dáhùn. Ẹni tó bèèrè kì í ṣe olè, Àjọkẹ́. Ìgbà wo ni ara ìyá ẹ ti ń gbóná?"

"Wọ́n ní láti àná."

"Ṣé o ti gbọ́ ohun tí o sọ? Ibà ló gbé e wá sídìí ewúro. Ewúro kọ́ ló gbé ibà wá bá a."

"Bàbá Ríṣí ní ikùn wọn á wú."

"Ta ni?" Wọ́n ti dìde, wọ́n ń wé gèlè, ohùn wọn sì ti dé iwájú ilé. "Bàbá Ríṣí! Ìwọ oníṣègùn ikùn wíwú! Jáde wá, wá bá mi pe kẹ̀kẹ́. Ìyá ọmọ yìí ò gbádùn, ìwọ lo sì máa gbé e dé ilé ìwòsàn."

Bàbá Ríṣí sáré jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ dáadáa, eré ni mò ń ṣe o," ló ń wí fún mi, ó sì ń wí i títí kẹ̀kẹ́ fi dé. Ibà náà ni wọ́n bá lára Màmá. Wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́ àti oògùn. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá se ewé tíì gbígbóná, wọ́n ń fi ṣíbí bù ú sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí ara Màmá yá díẹ̀, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ní ebi ń pa wọ́n, ìgbà náà ni mo tó lè mí dáadáa.

Ìyá wá fà mí lọ́wọ́ lọ sí ọgbà. Wọ́n já àálè náà, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ jù ú nù.

"Dì í mú. Ṣé ó bù ẹ́ jẹ?"

"Rárá, mà."

"Mi ò pe nǹkan kan sí i. Ìkarahun ni, àkísà ni, ṣùkù ni. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣe. Ẹni tó hú tòmátì mi wà níbi tó wà, ó ń sùn nínú oorun ẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi gbé ìkarahun ni ẹ̀rù fẹ́ pa. Àálè ò mojú. Ohun tí ò mojú èèyàn, kò ní bá mi ṣọ́ ọgbà mọ́."

Wọ́n gé ọ̀pá ewúro, a sì gbìn ín síta pákó, ní etí ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà kọjá.

"Tàwọn tó ń kọjá nìyí," Ìyá wí. "Ẹni tó bá ti rí já níta, kí ló fẹ́ wọlé wá ṣe?"

Mo rò pé a ti parí. Wọ́n ní kí n lọ gbé abọ́ ìkarahun wá. A kàn án yí ìdí ewúro ìta ká, ó gún régé bíi ti inú. "Kí wọ́n má baà rò pé àjẹkù la fún wọn."

Ewúro náà hù, ó kún, kò pẹ́ tó fi di ọgbà tó yí ọgbà ká. Láàárọ̀, kí n tó dìde lórí ẹní, màá gbọ́ ohùn lóríṣiríṣi láti etí gọ́tà: "Ìyá, mo já ewúro o!" Ìyá á dáhùn láti ojú fèrèsé: "Já a re o! Má ya ẹ̀ka o!" Àwọn tó ń já a náà ló ń lé ewúrẹ́ fún wa. Kò sẹ́ni tó tún hú nǹkan nínú ọgbà. Ata rodo bíi mélòó kan ló ń sọnù, Ìyá sì máa ń ní ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń wa lọ́rì ló ń jẹ ẹ́.

Àwọn ọmọ Ìyá padà mú wọn lọ sí Ìṣẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Onílé sì ti da kọnkéré sí ibi tí ọgbà wà. Ṣùgbọ́n ọgbà yẹn ò parun, ọwọ́ mi ló wà. Níwájú yàrá tí mò ń gbé báyìí, mo ní ike ọ̀dà, mo ní táyà funfun, mo ní ewúro, ẹfinrin àti ata. Ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ mi ní bí a ṣe ń fọ́n eérú.

Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹfinrin mi mọ́lẹ̀. Àǹtí tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ mi bínú jù mí lọ. "Gbé àálè sí i! O kàn ń wò bíi mùmú! Àbí kí n bá ẹ gbé e?" Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo yẹ inú àpò àjákù aṣọ mi wò, mo yọ àkísà pupa kan jáde, mo dì í mú fún ìgbà pípẹ́. Ojú èèyàn tí ń kọjá ni mo wá ń wò láti ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan kọjá, ọmọ sùn lẹ́yìn rẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò gbé ẹsẹ̀ dáadáa. Mo bi ara mi pé, tó bá jẹ́ òun ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ó pè mí, tí ẹ̀rọ mi ń pariwo tí mi ò gbọ́ ńkọ́?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Àǹtí tó jí, mo gé ọ̀pá ewúro, mo gbìn ín sínú ike ọ̀dà ńlá kan, mo sì gbé e sí ìta géètì. Mo to ìkarahun ìgbín yí ẹnu rẹ̀ ká. Mo bomi rin ín. Mo fi àkísà pupa náà nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, mo sì lọ sí ibi iṣẹ́.